Ìgbìmọ̀ wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ: agbára wo ni aṣòfin ní lórí ìjọba gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kun o. Olùkọ́ ni mí ní ìlú kékeré kan nítòsí Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Lọ́dún tó kọjá, a rí i nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ pé wọ́n ya owó sọ́tọ̀ láti tún ilé ìwòsàn wa ṣe. Nígbà tó yá, àwọn aṣòfin láti ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tó ń rí sí ètò ìlera wá láti Lọ́kọ́ja. Wọ́n wọ inú ilé náà, wọ́n bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì lọ. Títí di òní, òrùlé ṣì ń jò. Ṣé agbára wọn ò ju kí wọ́n wá wòran lọ ni? Kí ló sì dé tí wọn ò pe àwọn tó gba iṣẹ́ ọ̀nà Ìlọrin sí Kábà wá jíhìn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀kun o, o kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ni mí nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ kan kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Kábà. Èmi ni mo máa ń tẹ ìwé ìpè, èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, èmi náà ni mo máa ń di fáìlì lókùn nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ti lọ. Ìbẹ̀wò tí ẹ rí yẹn ni apá tó fúyẹ́ jù nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀. Mi ò tíì rí kọmíṣánnà tí ìbẹ̀wò ń bà lẹ́rù. Ìwé ló ń bà wọ́n lẹ́rù: ìwé ìṣúná, ìwé ìpè, ìwé olùyẹ̀wé-owó àgbà, àti ìròyìn tí ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ síwájú gbogbo ilé. Bí ìgbìmọ̀ bá wá sí ìlú yín tí ìwé kankan ò tẹ̀ lé e, àlejò lẹ gbà.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló fún wọn lágbára, òun náà ló sì pààlà fún un. Abala 128 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti ṣèwádìí iṣẹ́ ìjọba, àmọ́ ilé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìpinnu lórí rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ ìpinnu náà jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé tàbí nínú gásẹ́ẹ̀tì ìjọba. Ìdí méjì péré ni òfin sì fàyè gbà. Ọ̀kan ni kí wọ́n lè ṣòfin, tàbí kí wọ́n tún òfin tó lábùkù ṣe. Èkejì ni kí wọ́n lè tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, iṣẹ́ àìbìkítà àti ìfowóṣòfò nínú bí wọ́n ṣe ń lo àwọn òfin tó wà níkàáwọ́ ilé, àti nínú bí wọ́n ṣe ń ná owó tí ilé fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí. Fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn, òun ló máa dáhùn ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó o béèrè.

Ilé ẹjọ́ ti fìdí ààlà yìí múlẹ̀ tipẹ́. Ní 1980, Ilé Aṣòfin Àgbà pe Tony Momoh, tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times nígbà náà, pé kó wá ṣàlàyé ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ nípa àwọn aṣòfin tó ń wá iṣẹ́ àgbàṣe kiri. Ó gba ilé ẹjọ́ gíga lọ, ó sì jàre níbẹ̀. Agbára ìwádìí, gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ ṣe là á, kò sọ aṣòfin di ọlọ́pàá, kò sì sọ ọ́ di adájọ́. Ìwé òfin 1979 ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ti 1999.

Ṣùgbọ́n nínú ààlà yẹn, ìgbìmọ̀ ní eyín. Abala 129 gbà wọ́n láyè láti pe ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Nàìjíríà, kó wá jẹ́rìí tàbí kó kó ìwé wá. Wọ́n lè mú un búra. Bó bá kọ̀ láìnídìí, wọ́n lè fi ìwé àṣẹ gbé e wá, kí wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e, ọlọ́pàá tàbí ẹni tí abẹnugan bá yàn ló sì máa lọ jíṣẹ́ ìwé náà. Abala 108 tún dá kọmíṣánnà sọ́tọ̀: bí ilé bá pè é láti wá ṣàlàyé bó ṣe ń darí iléeṣẹ́ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wá. Nígbà tó kan gómìnà, ohun tí abala náà sọ ni pé ó lè wá bá ilé sọ̀rọ̀. Ìwọ náà rí i pé "gbọ́dọ̀" ò sí níbẹ̀.

Ibi tí ìbínú aráàlú ti sábà máa ń ṣìnà ni abala 103. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó ò lè pinnu ohunkóhun lórúkọ ilé. Àbá ló lè dá. Nítorí náà, àwọn tó wá yẹn, kódà bí omi ilé ìwòsàn yín bá jò sí wọn lórí, wọn ò láṣẹ láti sọ fún kọmíṣánnà pé "tún un ṣe lọ́la." Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn, kí alága tẹ́ ẹ síwájú ilé, kí ilé jíròrò rẹ̀, kí wọ́n gbà á wọlé, kí akọ̀wé ilé wá fi ìpinnu náà ránṣẹ́ sí ìjọba. Ìròyìn lè kú sí èyíkéyìí nínú àwọn ìdíkọ̀ yẹn. Ìdíkọ̀ kìíní ni púpọ̀ ń kú sí: wọn ò kọ ọ́ rárá.

Tí ilé bá sì gbà á wọlé ńkọ́? Ìpinnu ilé kì í ṣe òfin. Ẹ̀ka aláṣẹ ló máa mú un ṣẹ, ìyẹn àwọn kan náà tí ìpinnu ń bá wí. O máa rántí ọ̀ràn ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Dangote tó wà ní Ọbájánà, ní oṣù kẹwàá 2022. Nígbà tí wọ́n tì í pa, ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ ni pé ìpinnu Ilé Aṣòfin Kogí làwọn ń mú ṣẹ. Mi ò dá ẹjọ́ ẹni tó jàre níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kó o rí ni bí ìpinnu ilé ṣe máa ń lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí aláṣẹ bá fẹ́ ẹ. Èyí tó bá kan òrùlé ilé ìwòsàn lè máà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibo wá ni agbára wà? Lójú tèmi, ìgbà tí kọmíṣánnà bá ń wá nǹkan lọ́wọ́ aṣòfin ni. Abala 121 sọ pé gómìnà gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò owó tó ń wọlé àti èyí tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀ síwájú ilé. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá ni. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o, ohun tí àwa òṣìṣẹ́ ń pè ní bọ́jẹ́ẹ̀tì dìfẹ́ńsì. Kọmíṣánnà á jókòó láàárín, akọ̀wé àgbà lápá ọ̀tún, olórí ẹ̀ka ìṣirò owó lápá òsì, àwọn kékeré á gbé fáìlì dúró lẹ́yìn. Wọ́n máa ń kó ìwé kan wá tó fi bí wọ́n ṣe ná owó ọdún tó ń lọ hàn, ó sì máa ń ní òpó mẹ́ta: iye tí ilé fọwọ́ sí, iye tí wọ́n tú sílẹ̀ fún iléeṣẹ́, iye tí wọ́n ná.

Inú àwọn òpó mẹ́ta yẹn ni ilé ìwòsàn yín wà. Aṣòfin á béèrè pé, "Kọmíṣánnà, ilé ìwòsàn tó wà ní Ìlà-Oòrùn Yàgbà yìí ńkọ́?" Kọmíṣánnà á rẹ́rìn-ín: "Ọnárébù, ó wà lọ́kàn wa gan-an. Owó ni ò jáde." Bí alága ò bá mọṣẹ́, ó parí níbẹ̀, wọ́n á ṣí ojú ìwé tó kàn, ẹnìkan á sì ti máa béèrè bóyá ohun mímu ti dé.

Ìgbìmọ̀ tó mọṣẹ́ máa mú "owó ò jáde" bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Á béèrè pé ìgbà wo ni iléeṣẹ́ kọ̀wé béèrè owó náà, ẹ̀dà ìwé ọ̀hún dà? Bí wọn ò bá kọ̀wé rárá, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn àpò ìjọba nìyẹn, ó ti di ti kọmíṣánnà. Á tún wo àwọn ìlà mìíràn lójú ìwé kan náà. Bí owó ìrìn àjò àti ti àlejò bá jáde tán pátápátá, tí ti òrùlé sì jẹ́ òdo, a jẹ́ pé owó wà, ẹni tó ń pín in ló yan ibi tó fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kọ̀wé pe akápò àgbà ìpínlẹ̀, kó kó àkọsílẹ̀ gbogbo owó tó tú sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ náà wá, torí òpó kejì nínú ìwé kọmíṣánnà àti àkọsílẹ̀ akápò kì í fìgbà gbogbo bára mu. Ibi tí wọn ò ti bára mu yẹn gan-an ni ìwádìí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. Ṣé orúkọ ìlú yín gan-an lẹ rí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, àbí "àtúnṣe àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké káàkiri ìpínlẹ̀" ni wọ́n kọ, tí ẹnìkan wá sọ fún yín pé tiyín wà nínú rẹ̀? Bó bá jẹ́ èkejì, ìgbìmọ̀ ò lè mú ẹnikẹ́ni lórí tiyín. Wọ́n lè kun ilé ìwòsàn kan ṣoṣo níbòmíràn, kí wọ́n sọ pé àwọn ti ṣiṣẹ́ lórí ìlà yẹn, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Aṣòfin tó fẹ́ràn ìlú rẹ̀ máa ń jà nígbà bọ́jẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n já owó àjọpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí orúkọ ìlú hàn níwájú iye owó. Ìjà yẹn wúlò ju ìbẹ̀wò mẹ́wàá lọ, kò sì sí oníròyìn tó máa ń ya fọ́tò rẹ̀.

Má rò pé ilé lè dá bọ́jẹ́ẹ̀tì dúró títí láé láti fi há gómìnà mọ́ o. Abala 122 fún un láyè láti máa ná owó fún oṣù mẹ́fà bí òfin ìṣúná ò bá tíì jáde, kó má ṣáà ju ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú àkókò bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Síbẹ̀, kò sí kọmíṣánnà tó fẹ́ kí wọ́n fi òun ṣe àpẹẹrẹ lọ́jọ́ yẹn.

Irinṣẹ́ kejì máa ń pẹ́, àmọ́ ó máa ń wọlé jinlẹ̀. Abala 125 sọ pé olùyẹ̀wé-owó àgbà ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tó bá ti gba ìṣirò owó ọdún lọ́wọ́ akápò àgbà, kí ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àkọsílẹ̀ owó ìjọba. Òfin sọ pé nínú iṣẹ́ yìí, olùyẹ̀wé-owó ò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni, gómìnà ò sì lè dá yọ ọ́ láìjẹ́ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé gbà bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó wà nínú ìròyìn yẹn kì í ní ẹ̀rín nínú: ìwé ìsanwó nọ́ńbà báyìí, kò ní rìsíìtì, iṣẹ́ báyìí, wọ́n ti sanwó, a ò rí iṣẹ́ nílẹ̀. Nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe alága ìgbìmọ̀ yìí, kí ẹni tó ń béèrè má baà jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹni tó ń dáhùn. Nípìínlẹ̀, ibi tí alátakò kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, àṣà yẹn ṣòro láti tẹ̀ lé. Nítorí náà, ìròyìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí kọmíṣánnà tó jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ náà ti di nǹkan mìíràn nínú ìjọba.

Mi ò ní tàn ẹ́ nípa ohun tó ń dín agbára yìí kù. Aṣòfin 25 ló wà nílé aṣòfin Kogí. Ìjọba ìbílẹ̀ àwa Okun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, márààrún, láti Kábà/Bùnú dé Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní níbẹ̀. Nílé tó bá kéré báyìí, ẹnìkan náà á wà nínú ìgbìmọ̀ mẹ́rin, márùn-ún, ẹgbẹ́ òṣèlú tí gómìnà wà ló sì sábà máa ń pọ̀ jù. Ti owó tún wà níbẹ̀. Ìgbà tí gómìnà bá ń fi owó ilé aṣòfin ṣe oore, ta ló máa bi í léèrè? Àtúnṣe ìwé òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2018 ní kí owó ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà láti inú àpò ìjọba. Bí ó ṣe ń ṣẹ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Mo ti rí ìbẹ̀wò tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò náà ló pèsè mọ́tò, epo, ilé ìtura àti oúnjẹ. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ara mi tí mo bá rí ọ̀wọ́ mọ́tò ìgbìmọ̀ ni pé ta ló ra epo.

Ó sì máa ń burú ju oúnjẹ lọ. Ní oṣù keje 2020, nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin ń béèrè bí NDDC, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ṣe ná owó, gbogbo Nàìjíríà ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí adelé ọ̀gá àjọ náà ṣe dákú lórí ìjókòó. Ọjọ́ kan náà ni mínísítà wọn nígbà náà, Godswill Akpabio, sọ lójú àwọn aṣòfin pé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ àgbàṣe àjọ náà ń lọ. Alága ní kó pa makirofóònù rẹ̀. Ní 2012 pàápàá, Farouk Lawan, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń wádìí owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù, gba rìbá lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan tí ìwádìí náà kàn, kí orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ lè kúrò nínú ìwé. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ní 2021, ẹ̀wọ̀n náà sì dúró sí ọdún márùn-ún nígbà tó dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 2024. Ẹni tó ní àṣẹ láti yọ orúkọ kúrò nínú ìwé ní nǹkan láti tà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìgbìmọ̀ tó bá ń jókòó ní gbangba, tí oníròyìn wà níbẹ̀, ju èyí tó bá ń ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ ìwọ nìyí. Kọ́kọ́ wá ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì yẹn rí, pẹ̀lú nọ́ńbà iṣẹ́ náà àti iye owó rẹ̀. Láti ìgbà ètò SFTAS, tó ń rọ àwọn ìpínlẹ̀ láti fi ìnáwó wọn hàn ní gbangba, tí Báńkì Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2018 ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìròyìn olùyẹ̀wé-owó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò yẹ kó o bẹ ẹnikẹ́ni. Wo ìròyìn bí wọ́n ṣe ná owó ní mẹ́ta-mẹ́ta oṣù, bóyá ohun kan wà lórí ìlà yẹn. Bí kò bá sí, kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò ìlera lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011, kó o béèrè iye tó jáde àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n gbé e fún. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kàn wọ́n.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé aṣòfin nípasẹ̀ aṣòfin yín. Kó má gùn, kó má sì kún fún ẹkún. Ẹ kọ ìlà bọ́jẹ́ẹ̀tì, iye owó, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ wá, ẹ lẹ fọ́tò òrùlé tó ní déètì mọ́ ọn, kí ẹ sì béèrè ohun kan ṣoṣo: ìròyìn ìbẹ̀wò yẹn dà, ìgbà wo ni wọ́n tẹ́ ẹ síwájú ilé? Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ètò ìlera. Ṣàṣà ni àwọn tó ń kọ̀wé sí akọ̀wé ìgbìmọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń to ìbéèrè tí alága máa kà jáde lọ́jọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì dìfẹ́ńsì. Ìwé tó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án lè bọ́ sínú ìwé ìbéèrè yẹn. Èyí tó bá dé ní oṣù kejì, fáìlì ló ń lọ. Kí méjì nínú yín sì lọ jókòó lẹ́yìn yàrá lọ́jọ́ náà bí wọ́n bá gbà yín láyè. Kọmíṣánnà kì í sọ pé "owó ò jáde" pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà bó bá rí àwọn tí òjò ń pa lẹ́yìn yàrá.

Ní ti ọ̀nà Ìlọrin sí Kábà, má da Lọ́kọ́ja láàmú. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, ilé aṣòfin Kogí ò fọwọ́ sí owó rẹ̀, nítorí náà abala 128 ò kàn án. Abala 88 ló kàn án, èyí tó fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní irú agbára kan náà. Ìbéèrè méjì ni kẹ́ ẹ ya sọ́tọ̀. Apá tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe látinú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè iye tí wọ́n ti san àti ìdá iṣẹ́ tó ti parí. Ti Ọbájánà sí Kábà, tó bá ọ̀nà Ìlọrin pàdé ní Kábà, nǹkan bíi kìlómítà 43 tí iléeṣẹ́ Dangote fi kọnkéré ṣe, owó orí tó yẹ kí iléeṣẹ́ náà san ni wọ́n fi dí owó rẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ ni ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ bi, torí kò sí i nínú òpó mẹ́ta tí mo sọ lókè. Kọ ọ́ sí akọ̀wé ìgbìmọ̀ iṣẹ́ òde l'Ábújá, kí ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ aṣojú ẹkùn Yàgbà àti Mọ̀pà-Mùró, kí òmíràn lọ sọ́dọ̀ sẹ́nétọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Kogí. Kẹ́ ẹ sì gba àmì ọwọ́ ẹni tó bá gbà á lórí ẹ̀dà tiyín.